Òwò ewé tíì ní Èkìtì: láti ìdí ewé dé orí káńtà

Ní Adó-Èkìtì, ní Ìkéré, ní Ìjerò, agbára káká lèèyàn fi máa rí àdúgbò tí kò ní ìdí ewé tíì lẹ́bàá ọgbà. Àwọn kan gbìn ín nítorí ejò, wọ́n ní ejò kì í fẹ́ òórùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ń já a sínú àgbo ibà. Òun náà ni wọ́n ń pè ní koríko ọba níbòmíràn. Ewé yìí kò wọ́n, ó ń ta sánsán, ẹni tí kò sì ní owó rẹpẹtẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Nǹkan kan ló ń da òwò náà rú mọ́ ọ̀pọ̀ ẹni lọ́wọ́: ewé tí kò gbẹ dénú. Wọ́n á ti ra àpò, wọ́n á ti tẹ lébẹ̀lì aláràbarà, ọjà á ti dé orí káńtà, kó tó pé oṣù kan ewé á ti bu nínú àpò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ sísá ewé fi gba ààyè jù nínú àlàyé yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń tà. Ewé tíì tiwa kì í ṣe igi tíì gan-an. Tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, igi kan náà ni wọ́n ti ń já ewé wọn, orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tó ga tó sì tutù, ni wọ́n sì ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà. Kaféènì wà nínú ìyẹn, kò sí nínú tiwa. Ẹni tí tíì alẹ́ kì í jẹ́ kó sùn á fẹ́ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá fẹ́ po tíì dúdú mọ́ ọn, kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn lára lébẹ̀lì.

Oṣù tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀

Ìgbà tí àwọn èèyàn ń wá nǹkan gbígbóná mu àti ìgbà tí ewé ń gbẹ dáadáa kì í sábà bọ́ sí àkókò kan náà. Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, oníbàárà ń bèèrè. Àsìkò yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ kún fún omi, tí ewé tí ẹ sá láàárọ̀ á tún rọ̀ bí aṣọ tútù tó bá di alẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé tán, afẹ́fẹ́ á gbẹ, àmọ́ ewé tó wà lóko á ti máa pọ́n, ẹnu rẹ̀ á ti gbẹ.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìparí Oṣù Kẹwàá sí àárín Oṣù Kejìlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, atẹ́gùn ti ń gbẹ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣe ẹrù tó pọ̀ jù lọ́dún, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ máa tà á títí wọ inú òjò ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Keje láìní ohun tó lè fi gbẹ ewé ju atẹ́gùn lásán lọ, ìyà ló fẹ́ rà.

Ibi tí ewé ti ń wá

Fún ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ní i lọ́gbà, ẹ má tíì dá oko. Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín: ṣé wọ́n ń fín oògùn apakoríko sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà yìí? Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni ewé tíì máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà ni wọ́n máa ń fín oògùn sí. Sísè kì í mú oògùn yẹn kúrò. Ẹ sá fún ewé etí gọ́tà, ti ẹ̀bá títì tí eruku ọkọ̀ ń bà lé, àti ti ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.

Koríko tó jọ ewé tíì pọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò rún ewé kan, kí ẹ gbé e símú. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn yín. Bó bá ń rùn bíi koríko lásán, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín kò nílò irúgbìn. Ẹ hú ìdí kan tó ti dàgbà, ẹ ya á sí ọmọ-ọmọ bí ẹni ya ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí gbòǹgbò wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ewé orí rẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, bí Oṣù Kẹrin, kí àlàfo 60 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn. Ìdí 50 kò ní gbà ju ilẹ̀ tó fẹ̀ tó yàrá 10 sí 10 méjì lọ. Ẹ lè gé àkọ́gé lẹ́yìn oṣù 4 sí 6, lẹ́yìn náà ẹ lè máa gé e ní oṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀. Bí ẹ bá gé e bọ́ sí ilẹ̀, ìdí á jẹrà.

Àárọ̀ ni kí ẹ gé e, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Etí ewé tíì mú bí abẹ, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í hàn lójúkan, ìgbà tí ẹ bá fi ọwọ́ kan omi iyọ̀ tàbí atalẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé ó ti gé yín.

Fífọ̀ àti gígé

Ẹ ṣa ewé tó ti pọ́n, èyí tó ní àmì dúdú àti èyí tó gbẹ lẹ́nu kúrò. Ẹ fọ ìyókù nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi àkọ́kọ́ á dúdú, ìkejì á rú díẹ̀, ìkẹta gbọ́dọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi máa rí ìsàlẹ̀ abọ́. Iyanrìn tó bá ṣẹ́kù lára ewé, ìsàlẹ̀ ife oníbàárà ló ń sùn sí, ẹni tó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní rà á mọ́.

Ẹ gbé e sínú ajere kí omi ro dànù fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú. Ọ̀bẹ tó kú á tẹ ewé náà ni, ojú ibi tó tẹ̀ á sì di búráùn. Àwọn kan máa ń sá ewé lódindi kí wọ́n tó gé e. Ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ó sì máa ń di ìyẹ̀fun nígbà tí ẹ bá ń gé e.

Sísá ewé

Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí ẹ ti sá a. Òróró kan ló wà nínú ewé tíì tó ń fún un ní òórùn rẹ̀; oòrùn tààrà á gbé òróró náà lọ, á sì mú kí àwọ̀ ewé ṣá. Ewé tí wọ́n sá sórí páànù lójú oòrùn lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fi ṣan koríko.

Ẹ ní kí káfíńtà kan férémù àtẹ fún yín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Nẹ́ẹ̀tì oníke, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, ni kí ẹ kàn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì onírin, ó máa ń dípẹtà. Àtẹ kan kò gbọdọ̀ gbà ju kílò kan ewé tútù lọ. Ibí yìí ni ojúkòkòrò ti ń ba nǹkan jẹ́: ẹ máa rò pé kílò méjì máa gbà, ó sì máa gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé àárín kò ní rí atẹ́gùn, á gbóná, á sì di dúdú kó tó gbẹ. Ewé tútù kílò 12 nílò àtẹ 12. Ẹ to àtẹ sórí ara wọn pẹ̀lú àlàfo 25 sẹ̀ǹtímítà, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ga tó orúnkún kúrò nílẹ̀.

Ẹ máa fi ọwọ́ yí ewé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá ti di nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ kó o wọlé tàbí kí ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò ó, torí ìrì. Nígbà ọyẹ́, aṣọ yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú, nítorí eruku. Ní Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 3 sí 4 ló máa ń gbà. Bí ọyẹ́ bá mú, ó lè jẹ́ ọjọ́ 2.

Fún àsìkò òjò, ẹ kan àpótí oòrùn. Pákó ni kí ẹ fi ṣe é, kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kó fẹ̀ ní 3, kó dúró lórí ẹsẹ̀, kí ẹ kun inú rẹ̀ ní dúdú. Ọ̀rá funfun tó nípọn tó sì mọ́ gaara ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ iwájú kí atẹ́gùn tútù wọlé, ẹ lu òmíràn sí òkè ẹ̀yìn kí atẹ́gùn gbígbóná jáde, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò méjèèjì nítorí eṣinṣin. Ẹ ta aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ sí òkè ewé nínú rẹ̀ kí oòrùn má bàa mú un tààrà. Ẹ fi tẹmómítà kan kọ́ sínú àpótí náà. 40 sí 50°C ló dára. Bí ó bá kọjá 50, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀.

Ààrò gáàsì inú ilé kì í sábà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yíyan ló máa yan ewé. Èédú náà kò dára: èéfín á wọ inú ewé, kò sì sí ohun tó lè yọ ọ́. Ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń gbẹ ewé dára bí iná bá dúró. Bí iná bá lọ nígbà tí ewé gbẹ dé ìdajì, ẹ tètè kó o jáde sórí àtẹ, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ó ti gbẹ àbí kò tíì gbẹ?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ nìkan. Ewé á ti máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, omi á ṣì wà nínú igi ìdí rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni a máa ń ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ mú ibi tó nípọn jù, èyí tó funfun nísàlẹ̀ ewé, kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ kán pẹ́kẹ́. Bó bá tẹ̀ kó tó kán, kò tíì tó.

Ìkejì, òṣùwọ̀n. Ẹ sàmì sí àtẹ kan, ẹ wọn ewé orí rẹ̀ kí ẹ tó sá a. Gíráàmù 1,000 ewé tútù gbọ́dọ̀ kù sí gíráàmù 200 sí 250. Bó bá dé 300 tó dúró, ẹ má yọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró fún wákàtí mẹ́ta, ẹ tún un wọ̀n. Bí iye náà kò bá yí padà mọ́ nínú ẹ̀rọ tàbí àpótí gbígbóná, omi tó lè jáde ti jáde.

Ìkẹta ni ìgò, òun la sì fọkàn tán jù. Ẹ kó ewé díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó gbẹ, ẹ dé e pa, ẹ fi í síbi tó móoru mọ́jú. Bí ẹ bá rí ìkùukùu lára gíláàsì láàárọ̀, gbogbo ewé ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ padà sórí àtẹ. Àwọn kan ń fi iyọ̀ dán an wò bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbàdo. Àgbàdo àti tíì kò dọ́gba: àgbàdo tó ní ìdá 13 omi nínú 100 ti ṣeé tọ́jú, ewé tíì kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 lọ.

Ìkẹrin, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike ńlá tó ní ọmọrí tó ń dé dáadáa, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7, kí ẹ máa mì í lójoojúmọ́. Èyí tó gbẹ jù á fa omi lára èyí tí kò gbẹ tó, gbogbo rẹ̀ á wá dọ́gba. Bí ọmọrí ike bá ń láàgùn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ tó fò ọ̀sẹ̀ kan yìí ni ọjà rẹ̀ sábà máa ń bu.

Atalẹ̀ àti sóbò

Ewé tíì nìkan kì í pẹ́ sú ni. Atalẹ̀ ló ń fún un ní agbára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ má bó o, abẹ́ èèpo ni òórùn rẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Kílò 4 tútù máa fún yín ní bíi gíráàmù 700 gbígbẹ. Òun lè gba ooru tó 60°C, ó sì nílò rẹ̀, torí omi inú rẹ̀ ju ti ewé lọ. Atalẹ̀ gbígbẹ ni kòkòrò fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ní, nítorí náà inú ike olómọrí ni kó máa wà, kì í ṣe inú àpò.

Sóbò, ìyẹn ìṣápá pupa, gbígbẹ ni wọ́n ti ń kó o wá láti òkè ọya, ẹ máa rí i rà ní Ọjà Ọba Adó. Ẹ gbọ̀n ọ́n lórí asẹ́ kí ẹ tó lò ó. Iyanrìn àti igi wẹ́wẹ́ kì í wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ tún un sá fún wákàtí díẹ̀, kódà bí ẹni tó tà á bá búra pé ó gbẹ.

Pípò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 7 ewé tíì, ìdá 2 atalẹ̀, ìdá 1 sóbò, nípa ìwọ̀n, kì í ṣe nípa agolo. Agolo ewé tíì fúyẹ́ púpọ̀ sí agolo atalẹ̀. Fún kílò 3, ìyẹn jẹ́ kílò 2 àti gíráàmù 100 ewé tíì, gíráàmù 600 atalẹ̀, gíráàmù 300 sóbò. Ẹ rún atalẹ̀ wẹ́wẹ́ kó tó bíi ìdajì ẹ̀wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ àpò ni gbogbo rẹ̀ máa wọ́ lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ bu tíì á mu ewé, ẹni tó bá bù ú kẹ́yìn á mu ata.

Láti tọ́ ọ wò: gíráàmù 2 sínú ife mìlílítà 250, omi tó ń hó, ẹ dé e, ìṣẹ́jú 7. Ẹ pe èèyàn márùn-ún tí kì í ṣe ará ilé yín, ẹ gbé ife mẹ́ta tí pípò wọn yàtọ̀ síwájú wọn, kí nọ́ńbà nìkan wà lára ife. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún láìsí ṣúgà kí wọ́n tó mu ún pẹ̀lú ṣúgà. Ará ilé kì í sọ òótọ́ lórí nǹkan báyìí.

Ewé lásán tàbí àpò wẹ́wẹ́?

Gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló ń fẹ́ ṣe tíì alápò wẹ́wẹ́ olókùn, èyí tí wọ́n ń rì bọ inú ife. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Kílò 3, bí àpò kan bá gba gíráàmù 2, tí ìdá 8 nínú 100 bá sì ṣòfò, á fún yín ní àpò 1,380. Ẹni tó ń fi ọwọ́ bu, tó ń wọ̀n, tó ń dì í, bó bá ṣe 100 láàárín wákàtí kan, wákàtí 14 nìyẹn, kò tíì kó wọn sínú páálí. Ẹ tún gbọ́dọ̀ lọ ewé náà kúnná díẹ̀, kí ẹ sì jọ ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù, torí ìyẹ̀fun á yọ́ jáde lára àpò, omi á rú.

Ewé lásán nínú àpò gíráàmù 50, kílò 3 kan náà á fún yín ní nǹkan bí 57, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò, iṣẹ́ wákàtí méjì. Ife 25 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ta asẹ́ kékeré mọ́ ọn fún ẹni tí kò ní.

Àpò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní fọ́ìlì nínú, tó ní síìpù, tí ẹ sì tún lè fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ọ̀rá tó mọ́ gaara fani mọ́ra lórí káńtà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ á ṣá àwọ̀ sóbò àti ewé láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ burú jù: bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn tíì láti ìta àpò, òórùn yẹn ń lọ ni, ohun tí oníbàárà sanwó fún ló ń fò lọ.

Ìṣirò owó

Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni fún kílò 3. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ewé tútù kílò 12: ₦4,800
Atalẹ̀ tútù kílò 4: ₦8,000
Sóbò: ₦900
Àpò 57: ₦6,840
Lébẹ̀lì 57: ₦3,420
Iná tàbí gáàsì: ₦3,000
Ọkọ̀: ₦3,000
Owó iṣẹ́, ọjọ́ 2: ₦10,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦39,960, ìyẹn nǹkan bí ₦701 lórí àpò kan. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń tà á ní ₦1,200, tí wọ́n sì mú ìdá 20 nínú 100, ₦960 ló máa dé ọwọ́ yín. Ẹ yọ àpò 5 fún ìtọ́wò àti èyí tó bàjẹ́. 52 tó kù á mú ₦49,920 wá, èrè yín jẹ́ ₦9,960.

Ẹ wo owó iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ kì í kà á, á wá máa rò pé òun ń jèrè ₦20,000. Lọ́jọ́ tí ọjà bá pọ̀ tó nílò ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, èrè á pòórá, kò sì ní mọ ibi tó gbà.

Ìwé àti lébẹ̀lì

Tíì tí ẹ bù sínú ife tí ẹ tà gbígbóná kò nílò nọ́ńbà NAFDAC. Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló máa wá wo ìmọ́tótó yín. Tíì tí ẹ dì sínú àpò tí ẹ lẹ lébẹ̀lì mọ́ nílò rẹ̀. Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, ẹ gba ìwé fún orúkọ ọjà yín kí ẹlòmíràn má bàa ní in, lẹ́yìn náà ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí NAFDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń pè ní NAPAMS. Wọ́n á wá wo ibi iṣẹ́, wọ́n á sì yẹ ọjà wò ní láàbù. Wọn kò ní gbà pé ilé ìdáná tí ẹ ti ń gún iyán ni ẹ ti ń di tíì. Bí kò bá sí owó fún ibi iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ẹ lè bá ilé iṣẹ́ tó ti ní ìwé kọ àdéhùn kí wọ́n máa bá yín ṣe é. Ìwé NAFDAC náà máa ń lo ọdún 5.

Orúkọ ọjà, àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà ìpele (nọ́ńbà kan náà fún gbogbo àpò tí ẹ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tí àsìkò lílò rẹ̀ á parí àti nọ́ńbà NAFDAC, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lára lébẹ̀lì. Ẹ má kọ pé ó ń wo ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti kọ ọ́, ó ti kúrò ní oúnjẹ, ó ti di oògùn ìbílẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ìwé rẹ̀ sì ń gbà. Oníbàárà á bi yín, pàápàá àwọn ìyá àgbà tó mọ ewé náà mọ́ àgbo. Ẹ sọ fún wọn pé mímu ni. Aláboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ní kí wọ́n bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wọn léèrè kí wọ́n tó máa mu ún lójoojúmọ́. Sóbò lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Títà

Kí ìwé tó jáde, ife ni kí ẹ fi dán ọjà wò. Gíráàmù 40 sínú lítà 5 omi tó ń hó, ìṣẹ́jú 7 sí 10, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú fúláàsìkì. Ife 20 nìyẹn. Ẹ má fi ewé sílẹ̀ nínú fúláàsìkì, á korò. Ṣúgà gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, torí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Sẹkitéríàtì ní òwúrọ̀ ọyẹ́, Ìwọ́rọ́kò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdánwò, ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú: ibi mẹ́ta yìí á sọ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bóyá atalẹ̀ yín pọ̀ jù.

Bí àpò bá ti wà, ṣọ́ọ̀bù ńlá á sọ pé kí ẹ gbé e kalẹ̀, àwọn á sanwó bí àwọn bá tà á. Ẹ gbé àpò 6 fún wọn, kì í ṣe 30. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé e síbẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì padà lọ kà á ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ tàbí lójú fèrèsé tí oòrùn ń mú, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e kúrò. Ewé tíì máa ń fa òórùn ohun tó bá sún mọ́ ọn. Àwọn ilé ìtura ní Adó àti àwọn tó ń tajà fún àlejò ní Ìkògòsì, níbi omi gbígbóná, kì í rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ wọ́n sábà máa ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Ti àwìn, ẹ pinnu ẹni tó kẹ́yìn tí ẹ máa gbà á fún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ìpele tí ẹ bá ṣe, ẹ fi àpò 3 pamọ́ sílé, kí nọ́ńbà ìpele wà lára rẹ̀. Ẹ ṣí ọ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀kan lẹ́yìn oṣù méjìlá, kí ẹ gbé e símú, kí ẹ sè é, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Bí ti oṣù mẹ́fà bá ti ń rùn bíi koríko gbígbẹ, ọjọ́ oṣù 12 tí ẹ kọ sára lébẹ̀lì gbọ́dọ̀ kúrú sí 5, kí ẹ sì pe ṣọ́ọ̀bù tí nọ́ńbà ìpele yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn.